Wọn Ò Bo Ojú Tabitha

Tabitha, àbúrò mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun làálàá Àbújá. Ìyá ní kí n kí ọ, kí n sì gbàdúrà kí n tó kọ ohunkóhun, nítorí náà: Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Odo-Ape níbí kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ, oúnjẹ tó o bá jẹ yóò ṣe ọ́ lóore, ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ láìnídìí. Àmín. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ, èmi ni bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì péré ni mo fi jù ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe kíákíá. Irọ́ ni ohun tó o gbọ́ pé mo lé àwọn àna wa tó wá láti Iffe, tí mo sì ti ìyá arúgbó mọ́lé. Mi ò lé ẹnikẹ́ni. Géètì ni mo tì, kí wọ́n má bàa lọ ni mo sì ṣe tì í. Ṣé ẹni tó ń lé èèyàn máa ń ti géètì ni?

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé o kò lè gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ará ilé Emmanuel tó fẹ́ fẹ́ ọ ń bọ̀ wá mọ̀ wá. O ní kí wọ́n wo ojú rẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí wọ́n ti pè ọ́ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń sá kajú kó má bàa bàjẹ́. Kò sí iná níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, o sì ní kò burú, pé ẹ̀rọ Wáífáì tí o rà sílé fún Ìyá lè gbé ètò náà wá fún wa nígbàkigbà. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí mo ń rò ó pé títí di Sátidé lo máa fi jókòó dè wá níbẹ̀.

Wọ́n dé ní aago mẹ́wàá, àwọn mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀sì kan. Baba Lájídé, ẹ̀gbọ́n bàbá Emmanuel, ló síwájú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Màmá Martha, tí orúnkún ń dùn ún, ló kẹ́yìn. Àdúgbò náà dé, a yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tó. A fún àlejò lómi, a fún wọn lóbì, a gbé ẹmu wá. Ìgbà náà ni Moses, olùkọ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó bá wa so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, sọ fún mi létí pé àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ń béèrè pásíwọ̀ọ̀dù Wáífáì, pé kí n má fún wọn. Inú bí mi. Mo bi í pé ìgbà wo ni ilé wa di ilé tí àlejò ń jókòó tí a sì ń gbé nǹkan pamọ́ fún wọn. Mo dìde, mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, gàdàgbà. Gbogbo wọn dúpẹ́. Àwọn ará àdúgbò náà dúpẹ́. Fóònù tó ju ogún lọ ló ń mu nínú rẹ̀, inú mi sì dùn, nítorí bí Bàbá ì bá ti ṣe nìyẹn.

Ètò bẹ̀rẹ̀. A rí ẹni tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè, a rí ọ bí o ṣe jókòó, Ìyá pe orúkọ rẹ sókè. Bó o ṣe ní kí o la ẹnu báyìí, ojú rẹ fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sóòrùn. Ohùn rẹ ń lọ, ẹnu rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Baba Lájídé wá béèrè ohun tí o ṣe. Mo ní báwo. Ó ní nínú ìròyìn, àwọn tí ọlọ́pàá bá mú ni wọ́n máa ń bo ojú wọn báyẹn. Mo ní ṣé kò rí i pé ojú ẹni tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè náà ti fọ́ ni. Ó ní àwọn méjèèjì ni wọ́n mú nìyẹn.

Moses ní àwòrán ni kò lágbára. Ó tẹ nǹkan, nọ́ńbà sì tò wálẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n: 144, 240, 360, 480. Kí ó tó sọ̀rọ̀, Ìyá ti mú ìwé orin. Wọ́n kọ orin 144 tán pátá, Moses náà tẹ 144, lóòótọ́ àwòrán náà kò fọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ńṣe lo dàbí ẹni tí a ń wò láti inú ọ̀rá píọ́wọ́tà. Baba Lájídé ní òun kò lè wá láti Iffe wá tọrọ òjìji. Moses bá lọ sí 1080. Gbogbo rẹ̀ dúró gbagidi, òbìrìkìtì kan ń yí láàárín. Ìyá ní òun mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ìwé orin wa kò dé ẹgbẹ̀rún.

Ni Baba Lájídé bá dìde. Ó ní àwọn ń lọ, pé nígbà tí wọ́n bá tú ọ sílẹ̀ kí a ránṣẹ́ sí àwọn. Tabitha, wọ́n lè bú mi, ṣùgbọ́n wọn ò ní bú ọ nínú ilé tí wọ́n bí ọ sí. Mo lọ ti géètì, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde títí wọn yóò fi rí ojú àbúrò mi. Mo wẹ̀yìn láti ka àwọn tó dúró tì mí: Ìyá, ọ̀kan; Moses, èjì; Olúbọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ta. Mo rí i pé Olúbọ̀dé ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀, mo sì ṣíwọ́ kíkà. Àwọn àlejò gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọ́n fo ògiri tí Bàbá mọ, ìlà méjì sì wó lára rẹ̀. Àdúgbò tẹ̀lé wọn, àwọn kan láti bẹ̀ wọ́n, àwọn yòókù láti wòran. Màmá Martha nìkan ni kò lè fo ògiri. Òun ni arúgbó tí wọ́n ní mo tì mọ́lé. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lọ̀ ọ́, ó ní òun ò tíì mu ẹmu òun tán.

Ohun tí kò yé mi títí di òní nìyí. Bí bọ́ọ̀sì wọn ṣe gbéra, tí ilé dá, tí kò sí fóònù mọ́ àfi ti Moses àti tèmi onítọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ mọ́. Ó mọ́ gaara. Mo rí àpá tó wà lókè ojú ọ̀tún rẹ níbi tí mo ti sọ òkò bà ọ́ nídìí máńgòrò. Mo tún rí i pé aṣọ tí o wọ̀ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí Moses ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì wà lọ́rùn rẹ. Ṣé wọ́n tiẹ̀ fún ọ lóúnjẹ? Moses ní àwọn fóònù yẹn ló fa Wáífáì gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́. Mi ò gbà. Wọn ò kó nǹkan kan lọ, mo wo ẹ̀rọ náà, ó pé. Èmi mọ ohun tó ṣe ọ́. Láti kékeré lo ti máa ń sá sẹ́yìn Ìyá bí àlejò bá pọ̀.

Màmá Martha ní kí Moses dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní o ń wo ojú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀, o kò wolẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ó ní ọ̀rọ̀ kajú tó o sọ dára, ṣùgbọ́n o gbàgbé pé èèyàn gbọ́dọ̀ mì í létí kó gbọ́ bóyá ó ti gbẹ kó tó kó o sápò, pé bí o bá di ìyàwó àwọn, òun yóò kọ́ ọ. Ọ̀kadà gbé e dé Iffe, ó sì jẹ́rìí fún wọn. Baba Lájídé ní àwọn mẹ́jọ ló lọ, ẹnì kan ló rí nǹkan, ẹni náà sì mu ẹmu. Ṣùgbọ́n ó gbà láti padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá tún lọ láìrí ọ, ó ní àwọn yóò wá ìyàwó síbòmíràn fún Emmanuel.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún sìmẹ́ńtì tí a ó fi tún ògiri mọ, àti fún ẹmu, nítorí Màmá Martha ń bọ̀. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún dátà. Èyí tí o fẹ́ fi rà á, fi wọ mọ́tò wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ló ránṣẹ́ pè ọ́; bó bá ní bàbá rẹ ti kú, fún un ní nọ́ńbà mi. Ìta ni màá gbé àga rẹ sí, nínú oòrùn, Baba Lájídé yóò jókòó kọjú sí ọ, yóò sì wò ọ́ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà Lokoja yóò là fún ọ, awakọ̀ rẹ kò ní sáré àsápajúdé. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wá ojú ọmọ tó dára, tìrẹ ni wọn yóò rí.

Èmi ni,
Ọlọ́runlékè, tó dúró síbi tí Bàbá dúró sí.