Ọwọ́ Tí Ọ̀gá Evaristo Ń Béèrè

Fiorenza àbúrò mi,

Òòlù kékeré tí mo yá lọ́wọ́ rẹ wà lọ́wọ́ Nazzareno, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Gbà á kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú, kí ọ̀rọ̀ òòlù lè tán láàárín wa. Ẹ kú ilé o.

Róòmù gbà mí dáadáa, mo tiẹ̀ ń sanra. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń tún tẹ́ bí àwọn ará ìgbàanì ṣe tẹ́ ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku ìràwọ̀ òkúta pupa àárín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gé e. Mo fi rúlà wọn gbogbo ègé rẹ̀ dọ́gba, Ọ̀gá Evaristo ní ó dà bí ilẹ̀ balùwẹ̀.

Ó ní, "Loredana, ojú lásán làwọn ará ìgbàanì fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ló fi ń tàn. Àpẹẹrẹ tó o fi gba iṣẹ́ náà ń tàn bẹ́ẹ̀. Àbí ọwọ́ ẹlòmíì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní o bá mi fọwọ́ kàn án díẹ̀.

"Díẹ̀ náà ni mo fẹ́. Ránṣẹ́ pè é."

Mo ti ránṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí eékún la máa ń wà látàárọ̀, búrẹ́dì wọn sì níyọ̀ jù fún ẹni tó ti Pietrasanta wá, níbi tí a kì í fi iyọ̀ sí búrẹ́dì. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó gé ìràwọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á? Bí wíwá kò bá rọrùn, kọ ọ́ sínú ìwé pé o kò lè wá, kí n fi han ọ̀gá.

Bá mi kí Domenico ọkọ rẹ. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí èsì. Èsì ni mo wí o, n kò ní kí o gbéra.