Sítíkà Irọ́ Ara Kẹ̀kẹ́ Oníná

Ọjọ́bọ̀, Ọ̀kà

Inú ṣì ń bí mi. Lánàá, Ṣẹ̀rífá ìyàwó mi kàn yí ọwọ́ tó ń mú kẹ̀kẹ́ sáré díẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ oníná, oníbátìrì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lójú ọ̀nà Ìwàrò, kẹ̀kẹ́ fò, ó gbé e jù sínú gọ́tà. Orí ló yọ ọ́. Apá rẹ̀ ṣì wú.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó tà á n'Íkàrẹ́ láàárọ̀ yìí. Sítíkà ara ẹ́ńjìnnì ní igba ó lé àádọ́ta wáàtì ni agbára rẹ̀, pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo fi èékánná ṣí i lójú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan wáàtì ni wọ́n tẹ̀ sára irin! Mo sọ fún un pé nílùú òyìnbó, alùpùpù ni òfin ń ka irú èyí sí.

"Alàájì, òfin òyìnbó nìyẹn. Ta ló ń yẹ wáàtì wò ní Àkókó?"

Òfin òyìnbó, àmọ́ òun náà ló lẹ irọ́ mọ́ ọn. Ọ̀dájú.

Ìyá kan wọlé, ó fẹ́ ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo ṣí sítíkà èyí tó fọwọ́ kàn; ẹgbẹ̀rún kan wáàtì náà ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ wo abẹ́ rẹ̀."

Ó wò ó, ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà ń pariwo pé mo ba ọjà òun jẹ́. Ọjà wo?