Ife Adulsa Méje

Nagpur, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ

Ìyá mi,

Mo ti lóyún. Oṣù mẹ́ta pé lánàá, mo sì lè la ẹnu wàyí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ìyàwó tuntun kì í sọ ọ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ojú burúkú má bàa wọ̀ ọ́. Ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ títí di àná. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ yìn mí, ìyá mi, mo pa á mọ́ dáadáa. Nígbà tí ikọ́ dà mí láàmú, ìyá ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Kó tó fún mi ní ewé adulsa, ó bi mí bóyá mo lóyún, torí ewé tó ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a máa tú ilé ọmọ pẹ̀lú. Ìyá ọkọ mi ní, "Oyún kẹ̀? Èyí tó ń húkọ́ bí ewúrẹ́ arúgbó?" Mo ní n kò lóyún. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré kí oṣù mẹ́ta pé nígbà yẹn.

Láràárọ̀ ni ìyá ọkọ mi ń dúró tì mí. "Mu ún tán, Mrunmayi. Àbí wọn kì í mu nǹkan kíkorò létí òkun yín?" Ife méje ni mo mu. Ikọ́ ti lọ. Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹ̀jẹ̀ sì yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ yìí èébì oyún pàápàá ti dáwọ́ dúró, ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín.

Ẹ bá mi kí Hemangi àbúrò mi. Ẹ ra ẹ̀gbà ọwọ́ aláwọ̀ ewé dání fún àsè oṣù keje oyún mi. Kí gbogbo yín ti dé ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá.