Ìbọn Kò Gbé Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Mọ́

Abà Ọ̀pẹ-Méjì,
Òkè-Ògùn.
Oṣù Kẹta, ọdún 2017.

Adégbénga Àlàó, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà nínú òtútù ọ̀hún? Ṣé snow ti ń kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀? Ṣé Wùnmí ìyàwó wa ń rí oorun sùn tó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láti ọsibítù? Ṣé Démiládé ọmọ ọmọ mi ṣì ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà? Àwa náà wà, a ò kú, a ò rùn. Ọlọ́run tó mú mi gun ọkọ̀ òfurufú lọ bá yín, tó tún mú mi gùn ún bọ̀ láìjá sínú òkun, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí yìnyín. Iṣẹ́ epo tí wọ́n ní kó o lọ jókòó sílé kúrò lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé epo kò tà mọ́, ìwọ yóò rí èyí tó sàn jù ú lọ, àwọn tó lé ọ yóò sì tún máa wá ọ kiri. Àṣẹ.

Ìyá rẹ ń kí ọ púpọ̀. Orúnkún rẹ̀ ti san, ṣùgbọ́n ìpara tí Wùnmí fi rán mi sí i ti tán, nítorí pé gbogbo arúgbó abà ló pín in fún, àwọn tí nǹkan kan kò ṣe orúnkún wọn náà gbà. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Wọ́n ti ri òpó fóònù gíga kan mọ́ orí òkè, mo sì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ náà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà Calgary tí ẹ wà, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nítorí náà tí ohùn mi bá ń já geere báyìí, èmi ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí, jọ̀wọ́ kà á sétí Wùnmí, má fo ọ̀kan nínú rẹ̀.

O rántí pé basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé yín ní Pineridge, ni ẹ fi mí sí nígbà tí mo wá. N kò sọ fún ọ nígbà náà pé ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà wọ yàrá mi, ọ̀rọ̀ náà ń gbà á wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé lọ́hùn-ún nìyẹn, kí àgbà ilé lè máa gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Wùnmí ń sọ fún ọ pé òun kò ní jẹ́ kí Démiládé wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa níbí, pé ọmọ òun kò ní sùn nínú ilé tí ìbọn ṣakabùlà dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀tù níkùn, ì báà jẹ́ ilé bàbá àgbà. Ó dùn mí wọra. Èmi tí mo fi ìbọn yẹn bọ́ ọ, tí mo fi rán ọ nílé ìwé! N kò lè jẹun ní ọjọ́ kejì, mo ní búrẹ́dì yín ló le jù.

Ọjọ́ yẹn náà lo ní kí n jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn. O ní ẹnìkan tí ẹ jọ pàdánù iṣẹ́ ló sọ fún ọ pé àgbọ̀nrín kan péré tó láti kún fíríìsà, pé ẹran kò ní jẹ́ ọ̀ràn nínú ilé títí yìnyín yóò fi yọ́. Ìwọ tó ń sunkún òkété tí mo bá pa nígbà tó o wà ní kékeré! Mo rẹ́rìn-ín títí, inú mi sì dùn dé ibi tí inú ń dùn dé. Epo ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀, igbó gbà ọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ìjọba ibẹ̀ ń bi ìyàwó léèrè kí ọkọ tó gba ìwé àṣẹ ìbọn. Wùnmí ní láti fọwọ́ sí i! Ó sì kọ̀ jálẹ̀, àfi ìgbà tó o ra àpótí irin tó o sì dè é mọ́ ògiri nínú basement, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi gan-an, tí mo ń sùn tì í bí ọlọ́dẹ ilé ìfowópamọ́. Ìjọba tó gbọ́n báyìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ta ló mọ inú ọkùnrin bí kò ṣe ìyàwó rẹ̀?

Nígbà tí ìwé àṣẹ rẹ dé, a gbéra, ká sì tó dé ṣọ́ọ̀bù náà, mo ti ń retí àwọn ọkùnrin olójú pípọ́n, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé ìsìn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn tó ní ọta níkùn wọlé, pé ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá kò gbọdọ̀ tú u nínú àpò láìkọ́kọ́ sọ fún wọn. Bàbá Clement tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, irun wọn funfun dé èjìká, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. Wọ́n gbé ìbọn kan kúrò lára ògiri, wọ́n dorí ẹnu rẹ̀ kọdò, wọ́n ṣí ikùn rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n fi hàn ọ́ pé ó ṣófo, wọ́n sì gbé e fún ọ. Ìwọ náà gbà á, o tún ń yọjú wo inú ikùn kan náà! Ojú tì mí. Mo ta ọ́ nígùnpá pé ṣé òpùrọ́ lo fẹ́ pe àgbàlagbà ni. O ní rárá, pé bí o kò bá wò ó ni wọ́n á bínú, wọ́n á sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Mo yanu. Àgbà tó ní kí ọmọdé yẹ òun lọ́wọ́ wò, tí kò sì kà á sí àrífín!

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìbọn náà fún èmi. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù mí lọ kí n máa nàró bí òpó. Mo tẹ orúnkún, mo tẹrí ba, mo ní ẹ ṣeun bàbá, àṣé bí orí mi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ẹnu ìbọn ń gòkè bọ̀, ó kọjá níwájú ikùn rẹ, ó lọ dúró ní àyà bàbá tí mò ń kí. Obìnrin kan tó ń wo bàtà rọra yẹ̀ sápá kan. Bàbá Clement fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹnu ìbọn jẹ́jẹ́, wọ́n dà á kọ ilẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ kan tí o túmọ̀ fún mi pé wọ́n mọ rírì ìkíni mi, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí ìbọn kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ ná, kí èmi náà tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bú mi, wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn bàbá náà láti ìgbà yẹn lọ.

Adégbénga, àwọn bàbá wa ló sọ pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Àwa ń pa á lówe, àwọn ń ṣe é. Wọn kì í fi ìka kan apátí tí wọ́n ń fà náà lásán. Tí o bá fẹ́ fà á lófìfo kó o lè mọ bó ṣe rí, wàá tọrọ àyè. Wọn kì í sì gbé e fún ẹni tó dúró sẹ́yìn wọn, orí káńtà ni wọ́n ń dá a padà sí, ní ṣíṣí. Mo tọrọ àyè, wọ́n yọ̀ǹda fún mi, mo dà á kọ ilẹ̀, mo fà á, ó ní ká. Inú mi dùn bí ọmọ tó wọ bàtà ọdún.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ṣe dáadáa ni ti ọmọbìnrin tó ń gbowó. Ó mú ìbọn kékeré kan tí iná pupa ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó kọ ọ́ sí páálí ọta, ó fà á, ó han pín-ín, ó sì tún yí i bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Mo nawọ́ sókè, mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi ké pé ìka, ìka! Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Clement tó ní kí ọmọbìnrin náà dorí rẹ̀ kọdò nítorí tèmi. O sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń ka iye ọjà ni. N kò bá ọ jiyàn, ṣùgbọ́n kí ni ohun tó ń ka ọjà ń fi apátí ṣe?

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó tó ń fọwọ́ sí ìwé fún ìyá rẹ gẹ́gẹ́ bí àrà. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ìwé tí òun fọwọ́ sí fún èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn dà. Mo ní a kì í ṣe é níbí. Ó ní ṣebí èmi ni mo ní wọ́n gbọ́n. Mo bá fọwọ́ ara mi kọ ìwé, mo ní kó tẹ ìka, Oyèníkẹ́ ìyá rẹ kọ̀! Ó ní àfi kí ìbọn kúrò níbẹ̀, kó wọ àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ sì máa gbé ìdí ìró òun. Mo bínú fún ọjọ́ díẹ̀, mo sì lọ bá káfíńtà. Báyìí, bí mo bá fẹ́ ròde, mo ní láti kọ́kọ́ kí ìyàwó mi dáadáa, kí n sì yin ọbẹ̀ rẹ̀. Mo tún lọ sí báńkì nílùú, ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ ẹnu ìbọn sí ẹsẹ̀ gbogbo wa, mo sì rọra sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Calgary kọ́ nìyẹn. Ó bi mí pé ṣé bárékè Calgary wà lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni. Ṣùgbọ́n ó dà á kọ ilẹ̀.

Ìbọn tiwa kò níkùn tí wọ́n ń ṣí, ìyẹn ló dà mí láàmú, títí mo fi fi ọ̀dà pupa sàmì sára ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn. Bí ìbọn bá ṣófo, ọ̀pá á wọlé dé ojú àmì, bí nǹkan bá wà níbẹ̀, àmì á dúró lókè. Àwọn ọdẹ fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè mí ní Òyìnbó Ọ̀pẹ-Méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àmúsà ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣọdẹ yà kí mi lọ́sàn-án. Ó gbé ìbọn rẹ̀ ti igi máńgòrò bó ti máa ń ṣe, àwọn ọmọ agboolé sì jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń ta ayò. Mo ní kó jẹ́ n fi ọ̀pá wò ó. Ó ní òfìfo ni, ó búra. Mo ní n kò pè é ní òpùrọ́, mo sọ ti Bàbá Clement fún un. Ó fa ojú ro, ó ní mo lọ jẹ snow mo sì gbàgbé ilé. Ìyá rẹ ti jáde síta, ó ń wò wá. Mo lé àwọn ọmọ kúrò níwájú, mo da ẹnu ìbọn kọ inú oko, mo ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, àmì pupa sì dúró lókè. Mo yọ ọ́, mo tún tì í wọlé, ó dúró síbẹ̀ náà. Àmúsà wo ọ̀pá, ó wo ibi tí àwọn ọmọ ti jókòó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti gbàgbé pé òun ki ìbọn náà lọ́jọ́ tí ọ̀bọ wọ oko àgbàdo òun. Adégbénga, Démiládé ni mo rí lójú inú mi tó ń ta ayò níbẹ̀. Wùnmí kò fi mí wọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ ló ń ṣọ́, mo sì kí i pé ó kú ìtọ́jú.

Láti ọjọ́ yẹn, Suliat ìyàwó Àmúsà ti ń de kọ́kọ́rọ́ mọ́dìí, ọdẹ tó bá sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà ń kọ́kọ́ tẹ́ ìbọn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń wá àgádágodo báyìí, èmi ni wọ́n sì ń wò lójú. Mo mọ̀ pé epo kò tíì tà, má tìtorí tèmi jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá tẹ nǹkan, fi owó àgádágodo ránṣẹ́, kó o sì fi díẹ̀ lé e fún ìpara orúnkún. Bá mi kí Bàbá Clement, sọ fún wọn pé ìbọn mi ti ń kọ́kọ́ dùbúlẹ̀.

Fìlà òtútù Démiládé bá mi délé nínú àpò mi, n kò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo ti gbé e kọ́ sórí ìṣó tí ìbọn ń gbé tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò ní fi ránṣẹ́, ẹni tó ni ín ni kó wá mú un.

Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹnu ọ̀nà yín kò ní di ti ọ̀fọ̀, ọmọ yín yóò dàgbà lójú yín, yóò sì gbé ẹrù wa. Ìyá rẹ ti tẹ ìka tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Àyè tí mo fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Wùnmí ni, bó bá gbà kí ọmọ wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláoyè.