Ìwé Tí Mo Ní Ewúrẹ́ Jẹ

Abà Ọlọ́pẹ,
Lọ́nà Ìjàyè.
Ọjọ́ Ajé, ọyẹ́ ti dé.

Theophilus Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Jọlá ìyàwó mi ń rí oorun sùn, ṣé Mofẹ́olúwa ọmọ yín ti jáwọ́ nínú ìka mímu? Olúwa kò ní jẹ́ kí Bódìjà le koko mọ́ yín, ẹ kò ní fi ẹkún mumi níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Àmín.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe Olùkọ́ Gbádérọ̀ tó máa ń bá mi kọ ọ́, nítorí náà bí o bá rí i tí ìlà ń gòkè tó ń sọ̀, máa fọgbọ́n kà á, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí Olùkọ́ mọ̀. Kíláàsì àgbà ti ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ní mo ti dàgbà jù nígbà yẹn.

Gbogbo wa nílé wà pẹ̀lú àlàáfíà. Ewúrẹ́ wa bí méjì, abo ni méjèèjì. Ẹsẹ̀ tó ń dun Olùkọ́ ti ń fúyẹ́. Ìyá Islamiyat, aládùúgbò mi, ní kí n kí yín, ó ní kò sí ìrun tí òun kì í dárúkọ rẹ sí. Owó tó o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá wọ inú fóònù mi, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pe èèyàn, mo gbé e dání lóòró bí ẹni gbé ìgò epo títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ oní-POS, kó má baà jò dànù lọ́nà. Kò jò, ó pé.

Àkànní, mo purọ́ fún ọ. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn.

Ìwé ìjọba tó o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà Àjíǹde, èyí tó ń bèèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe ọ́ nínú ọkọ̀ òfúrufú tó ò ń kàn nínú ilé mọ́tò rẹ, ewúrẹ́ kò jẹ ẹ́. Ẹran náà kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Inú Bíbélì ni mo fi í sí. Nígbà tó o tún fi òmíràn ránṣẹ́ tí mo ní òjò pa á, òjò kankan ò rọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn wà nínú Sáàmù, Bíbélì ò fẹ́ẹ́ padé mọ́. Ohun tí mo rò ni pé ìjọba kò ní jẹ́ kó o gbéra láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Mo ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i, ọkọ̀ ò ní fò, bí ọkọ̀ ò bá sì fò, ọmọ mi ò ní já bọ́. Mo ki Bíbélì bọ abẹ́ ìrọ̀rí, mo wá ń sùn lé ọkọ̀ òfúrufú lórí láti Àjíǹde.

Ìwọ náà mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Orí ọ̀pẹ ni bàbá rẹ ti já bọ́, ìwé karùn-ún lo wà. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gun ọ̀pẹ, wọ́n á kọ́kọ́ fi igbà kọ́ ìdí rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á fi ìdí lé igbà náà, wọ́n á fi gbogbo ara fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á wo ojú kókó rẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn tó kúrò nílẹ̀. Èmi a máa bínú pé ẹ̀kọ ń tutù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọn ò ṣe é, wọ́n ní ọ̀pẹ kúkúrú ni, ẹni tó fẹ́ ra ẹyìn sì ti ń dúró. Ọjọ́ náà ni. Láti ìgbà yẹn, mi ò fẹ́ rí ọmọ mi lórí àpótí pàápàá.

Ìgbà tó o wá ní o ra ọkọ̀ òfúrufú, tí wọ́n sì kó o dé nínú páálí mẹ́rìnlá, mo sunkún. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ, wọ́n ta èyí tó ti já bọ́ rí fún ọ. Ìyá Islamiyat ló ní kí n lọ fi ojú ara mi wò ó, ni mo ṣe wá bá yín nígbà àgbàdo tuntun. Mo bá mọ́tò rẹ lójú oòrùn níta, nǹkan tí kò lórí tí kò nídìí ló wà lábẹ́ òrùlé. Mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo yín pé àga méjì tẹ́ ẹ tò sínú rẹ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi lọ̀ mí.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mọ́tò, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ìwọ àti Oyèkànmí, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tún ara mọ́tò ṣe ní Mọ́kọ́lá, ti fi ọjọ́ mẹ́rin kan páànù mọ́ apá ọkọ̀ náà, ó kù díẹ̀ kó parí. O fọwọ́ kan ihò ìṣó kan, o ní kò dọ́gba. Oyèkànmí ní kó o fi sílẹ̀ jàre, bí ẹ bá ti kùn ún lọ́dà, ta ni yóò rí i. O ní atẹ́gùn yóò rí i. O sì tú gbogbo rẹ̀, ìṣó kọ̀ọ̀kan, o gbé páànù náà tì, o ní ẹ máa gé òmíràn. Oyèkànmí fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Èmi ni mo sunkún ní tèmi, mo ní àlùbọ́sà ló ta sí mi lójú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà ni mo ń ṣà.

Bàbá rẹ ni mo rí nídìí ọ̀pẹ. Ara tù mí débi pé mo sùn lọ́jọ́ náà títí Jọlá fi wá wò ó bóyá mo ṣì ń mí. Mo ní ẹni tó lè tú iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nítorí ihò kan, ọ̀pẹ kúkúrú kò ní tàn án jẹ.

Ìtìjú irọ́ ni kò jẹ́ kí n yọ ìwé náà síta láti ìgbà yẹn. Lánàá ni Jọlá pè mí lórí fóònù, èyí tó ń fi ojú hàn, mo ní kó ṣe sùúrù kí n wé gèlè. Ó fi orí ọkọ̀ náà hàn mí, mo yí fóònù sẹ́yìn kí n lè rí ìrù rẹ̀, mi ò rí i. Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ó ti lé lóṣù kan tí ọkọ̀ ti parí, tí àwọn ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ó ní ìjọba ò tilẹ̀ bèèrè èmi gan-an, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ló lè fọwọ́ sí ìwé yẹn, òun fẹ́ fọwọ́ sí i, ìwọ lo kọ̀. Ó ní o ti mọ̀ láti ìgbà ewúrẹ́. O ní ọkọ̀ náà kò ní kúrò nínú ilé mọ́tò lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú Alákìá títí ìyá rẹ yóò fi fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, kò báà gba ọdún mẹ́wàá. Mo pa fóònù. Mo rò pé èmi ni mo so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, àṣé ìwọ lo dúró dè mí.

Ìwé náà rèé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fọwọ́ sí, kí ọ̀kan má baà sọnù. Islamiyat ló bá mi ka òyìnbó inú rẹ̀. Ó ní àyè kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan, kí n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò ó pé kò dáa kéèyàn fi àyè òfìfo ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, mo bá wọn kọ àdúrà síbẹ̀, mo sì kí àwọn ará ilé wọn. Níbi tí wọ́n ti bèèrè àdírẹ́sì, mo ní kí wọ́n dé abà kí wọ́n bèèrè Ìyá Theo, ajá wa kì í bu èèyàn jẹ.

Ohun kan ni mo fẹ́. Nígbàkígbà tó o bá fẹ́ fò, kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ nílẹ̀, fi gbogbo ara fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí àwọn ará Alákìá bá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in tẹ́rùn. Bí wọ́n bá ń kánjú, kí wọ́n máa lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbéra. Fi ti súwẹ́tà tó nípọn kún un, kì í ṣe nítorí ọyẹ́ o. Fi díẹ̀ sí i kí n fi ra èèpo gbáàgúdá fún ewúrẹ́, mo ti ba ẹran Ọlọ́run lórúkọ jẹ́.

Bí o ti ń gòkè, Olúwa yóò máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ilẹ̀ tó o ti gbéra ni ẹsẹ̀ rẹ yóò tún tẹ̀. Ohun tó gba bàbá rẹ lọ́wọ́ wa kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Theo.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Àga kejì inú ọkọ̀ yẹn, má tíì fi fún ẹnikẹ́ni.