Ilé Arúgbó Inú Igbó Tí O Rán Mi Lọ

Los Almendros, Sarapiquí
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò

Yendry ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ, torí ìkíni kan ṣoṣo á ti tutù kó tó dé San José. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀kọ́ ń wọlé? Ṣé atẹ́gùn orí òkè yẹn kò mú ọ jù? Kí Màríà Wúndíá tó ń ṣọ́ ilẹ̀ wa máa ṣọ́ ọ, kí ó má jẹ́ kí o pẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ. Bí o bá ń béèrè èmi, mo wà láàyè, mo wà nílé, inú mi sì ń dùn débi pé Don Olman aládùúgbò wa ní kí n lọ jókòó, ó ní orin tí mò ń kọ ń da màlúù òun láàmú. Màlúù wa ni. Màá dé ibẹ̀.

Adìẹ dúdú ti pa ọmọ. Odò gbé pákó kan lọ lára afárá. Ọ̀pẹ pejibaye ẹ̀yìn ilé so débi pé ó tẹrí ba, mo sì ti se lára èso rẹ̀ jẹ, mo fi ti ìyá rẹ sílẹ̀ nínú àwo kí n tó rántí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn rẹ. Nígbà tí o pè mí pé nọ́ńbà rẹ jáde nínú tíkẹ́ẹ̀tì orí-ire tí wọ́n tà ní yunifásítì, pé ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ ni, fún ẹnì kan ṣoṣo, ní ilé àlejò inú igbó tó wà lódìkejì odò wa níbí, pé, Papá, ẹ lọ sinmi, wọ́n á tọ́jú yín dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún Don Olman, ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Eladio, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọmọ Chepe sọ fún Chepe, pé lọ sinmi díẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ. Ó ní Chepe ṣì ń sinmi nílé arúgbó ní Heredia di òní, wọ́n sì ti ta ibùsùn rẹ̀. Ó ní kí n tún rò ó dáadáa, ẹnì kan ṣoṣo, ta ló ń dá lọ gbádùn?

Yendry, n kò bínú. Mo rò ó pé láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, ilé yìí ti fẹ̀ jù fún mi, o kò sì lè máa kàwé kí o tún máa ronú bóyá mo jẹun. Mo di ẹ̀wù mi, mo mú fọ́tò ìyá rẹ, mo mú àpò aṣọ tí a fi ń sẹ́ kọfí pẹ̀lú igi tí a ń gbé e kọ́, torí n kò mọ irú kọfí tí wọ́n ń fún àwọn arúgbó. Mo fa màlúù lé Don Olman lọ́wọ́, mo ní bí n kò bá padà, tirẹ̀ ni. Ó sunkún díẹ̀, ó sì yára so ó mọ́ igi.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ni mo rí i pé òótọ́ ni Don Olman sọ. Wọ́n so okùn tí wọ́n kọ orúkọ mi sí mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ìwòsàn, kí a má baà sọnù. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ oògùn tí mò ń lò sílẹ̀, àti ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé agbọ̀n wá, ó gba fóònù gbogbo wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọkàn wa lè balẹ̀ ni. Ó yé mi. Kí àwọn òbí má baà máa yọ àwọn ọmọ lẹ́nu ni. Mo gbé tèmi fún un wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn arúgbó ibẹ̀ kò gbó. Obìnrin kan wà láti Jámánì, Señora Heike, irun rẹ̀ kò tíì funfun. Ọkùnrin gíga kan wà láti Holland, Joost lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, wọ́n sì ti mú un wá. Mo sọ nínú ara mi pé àwọn ọmọ ìlú òyìnbó ń kánjú o. Oníkálukú wà nínú ahéré tirẹ̀ lóun nìkan, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ilé náà dára, àmọ́ owó ti tán lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó parí rẹ̀. Yàrá mi kò ní ògiri lápá odò, àwọ̀n ẹ̀fọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ilé ìwẹ̀ kò ní òrùlé. Mo yọ́ sọ fún Doña Hannia, obìnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀, pé mo ní páànù díẹ̀ nílé, pé mo lè bá wọn kàn án láàárọ̀. Ó ní rárá, Don Eladio, bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í, n kò tẹnu mọ́ ọn.

Láàárọ̀ Sátidé wọ́n kó wa jáde lọ wo ọ̀pọ̀lọ́ pupa kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ aláwọ̀ aró, irú èyí tó ń gbé abẹ́ korobá wa. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo ní wọ́n pọ̀ nílé ìgbẹ́ mi, gbogbo wọn sì yíjú sí mi bí ẹni pé mo sọ pé góòlù ni. Lẹ́yìn náà Señora Heike rí ẹranko ọlẹ tó so rọ̀ lórí igi, èyí tí ìyá rẹ máa ń pè ní àbúrò ọkọ òun, ó bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń dùn ún. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo ní ẹ mú sùúrù, Señora, bóyá wọ́n á wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èdè wa kò yé e dáadáa, àmọ́ ó di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tó wá di aago mẹ́ta ọ̀sán, kò sẹ́ni tó gbé kọfí kaná. Yendry, aago mẹ́ta. Oníkálukú jókòó sí ahéré rẹ̀, wọ́n ń wo igi bí ẹni tó ń retí pé igi ló máa kọ́kọ́ kí wọn. O mọ̀ pé ojú máa ń tì mí, níbi ìsìnkú ìyá rẹ gan-an ìwọ lo bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n n kò lè fara dà á. Mo gbé àpò aṣọ kọ́ igi rẹ̀, mo sẹ́ kọfí kún ìkòkò, mo tọrọ búrẹ́dì ní kíṣìnnì, mo lọ sí ahéré Señora Heike, mo dúró níbi tí ọmọlúàbí ń dúró sí, mo ké pé Upe, bí a ṣe ń kágò lẹ́nu ọ̀nà onílé. Kò dáhùn. Ta ló kọ́ ọ? Mo ké e lẹ́ẹ̀kejì, ó sáré jáde tòun ti táwẹ́lì, ó ń béèrè bóyá iná ń jó ni. Mo gbé ife lé e lọ́wọ́.

Ti Joost ló pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ké Upe, òun náà ké Upe padà láti inú ilé. Ó rò pé ẹyẹ ni. Ó rọra yọ jáde pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó ń wá mi lórí igi. Mo wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti wà ní ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń fi ọwọ́ sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ. Mo kọ́ wọn ní Upe. Ni wọ́n bá ń lọ sí ahéré ara wọn, wọ́n ń ké e, ẹni tí wọ́n kí á jáde, òun náà á tẹ̀ lé wọn lọ kí ẹlòmíì. Àwọn ọ̀bọ orí igi dá wọn lóhùn.

Ìgbà náà ni Doña Hannia pè mí sẹ́yìn kíṣìnnì. Ó ní Don Eladio, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn yìí sanwó kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Mo ní Doña Hannia, bí wọ́n bá ń sanwó irú ìyẹn, ǹ bá ti di olówó láti ọjọ́ tí ìyá Yendry ti lọ. Ó fa àga kan, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní ṣé kọfí ṣì kù.

Sọ́ńdè ni wọ́n dá fóònù wa padà, wọ́n sì tú wa sílẹ̀. Señora Heike tún sunkún, Joost fẹ́ ra àpò kọfí mi. Doña Hannia wá ní kí n máa wá ní gbogbo Sátidé, ní aago mẹ́ta, pé òun á máa sanwó fún mi. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Ilé arúgbó wo ló ń sanwó fún arúgbó? Yendry, èló lo kó fún wọn? Gbà á padà, kí o fi ra ẹ̀wù òtútù. Mo sọ fún un pé màá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi.

Mo délé, mo bá Don Olman, ó ti pa orúkọ màlúù dà. Princesa ló ń jẹ́ báyìí, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó ní ohun tí a bá ti fi fúnni kì í padà, àmọ́ bí mo bá san owó koríko tó jẹ, òun á rò ó wò. Nítorí náà, ọmọ mi, fi ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́, fún koríko yẹn, àti fún kọfí díẹ̀, bó o bá ní kí n lọ ní Sátidé.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ gan-an nìyí. O sọ fún mi lórí fóònù pé ilé tí o ń gbé, yàrá ló kún ibẹ̀, ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, pé láti oṣù tí o ti débẹ̀ o kò mọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Kò yé mi nígbà náà. Ó ti yé mi báyìí, mo ti sun irú ibẹ̀. Ibi tí o rán mi lọ kò burú, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo wà nílé arúgbó, kò sì sẹ́ni tó ń sẹ́ kọfí níbẹ̀. Mo fi àpò kọfí yẹn, èyí tí ìyá rẹ fi abẹ́rẹ́ rán fúnra rẹ̀, rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí aago mẹ́ta bá lù, dúró lẹ́nu ọ̀nà kejì, kí o ké Upe. Bí wọn kò bá dáhùn, tún un ké, bóyá wọ́n ń wá ọ lórí igi ni.

Bó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ kí n máa gbé inú igbó yẹn títí lọ, wá fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi, màá lọ, ibùsùn wọn rọ̀. Mo kàn mọ̀ pé láti ọjọ́ ìsìnkú o kò tíì wálé, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yìí ló ń bà ọ́ lẹ́rù, pé wàá ké Upe, ohùn ìyá rẹ kò sì ní dáhùn láti ibi ààrò.

Kí Ọlọ́run tó mú mi lọ, tó mú mi bọ̀, mú ìwọ náà dé láìfarapa. Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ọ̀nà má dí, kí ìwé tí o ń kà má ṣe gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ. Wá ké Upe. Èmi ni n ó dáhùn. Mo ti ń fi ohùn mi dánra wò láti ibi ààrò, Don Olman sì ti bi mí léèmejì pé ta ni mò ń dá lóhùn.

Èmi bàbá rẹ,
Eladio