Òrùlé Tuntun Tí Mo Ní Kó Máa Jò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbà pé ara rẹ le, pé o ń jẹun lásìkò, pé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, Ọlọ́run á fi nǹkan mìíràn dí wọn lọ́wọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mi ò ní rántí òun mọ́.

Owó tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ wa. O ní owó yàrá tí o fẹ́ gbà ni, pé kí n fi san owó orí kí n má baà ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà tí mo kà á tán, ńṣe ni mo jókòó. Ẹ̀rọ tí mo fi rán ọ lọ síléèwé, ìwọ náà wá gbà láti máa sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ nítorí rẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi, wàá rí ẹni tó máa tọ́jú ìwọ náà. Owó ọ̀hún wà nínú àpótí ìyá rẹ, a kò tíì tú u.

O mọ̀ pé ìjọba wó ṣọ́ọ̀bù mi kí ọ̀nà lè fẹ̀, wọ́n sì san owó rẹ̀ sí báńkì fún mi. Báńkì ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé owó ti wọlé. Láti ọjọ́ náà mi ò jẹ́ kí fóònù yẹn kú, torí mi ò mọ ibi tí owó máa gbà lọ bí iná bá tán nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n owó wa ṣì pé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì owó orí, onígíláàsì, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní owó kékeré ni mo fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn láyé ọjọ́un, owó ńlá sì ni ìjọba san, pé ohun tó fi lé yẹn, èrè ni, owó orí sì wà lórí èrè. Mo ní ṣé ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ ló tún jèrè? Ó ní kí n fara balẹ̀, òfin mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ tà á. Ó ní bí mo bá fi gbogbo owó náà ra tàbí kọ́ òmíràn tó jẹ́ irú kan náà kí ọdún méjì tó pé, wọn ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi nísinsìnyí, ó di ọjọ́ tí mo bá ta tuntun. Mo ní kí wọ́n máa retí mi, mi ò tà á láyé mi.

Irú kan náà ni mo gbé sọ́kàn. Ìjọba kì í ṣe ẹgbẹ́ mi tí mo lè bá ṣeré. Mo ra ilẹ̀, mo pe bíríkìlà tí gbogbo wa ń pè ní Kò-Ní-Í-Pẹ́, mo sì ṣàlàyé bí ti àtijọ́ ṣe rí fún un: ilẹ̀kùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi èjìká tì kó tó ṣí, ògiri tó wọ́ díẹ̀ sápá òsì, fèrèsé tí kì í padé tán, àti òrùlé tó ń jò sórí àga oníbàárà. Kò-Ní-Í-Pẹ́ wò mí títí. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń kọ́lé, ọ̀fẹ́ ni òrùlé òun ń jò fún àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kó máa jò síbi tí wọ́n bá fẹ́ gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo san án. Nígbà tá a parí, kò sí kọ́bọ̀ tó kù, mo sì wá ń rò ó pé bí wọ́n bá ní kò jọra ńkọ́? Ẹ̀rọ nìkan ló kù tí mo lè tà. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà tó já ọ láyà sí ọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ onígíláàsì padà wá yẹ ibẹ̀ wò. Òjò ń rọ̀, inú mi sì dùn, torí òjò ló máa jẹ́rìí mi. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó wọlé, mo fún un ní àga oníbàárà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí i lọ́rùn bó ṣe yẹ. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ti àtijọ́ ń jò sí. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó béèrè pé ta ló ní kí n ṣe báyìí. Mo ní ẹ̀yin ni. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, èmi sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, kì í ṣe ògiri tí à ń fara tì.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ̀rọ mi ni mò ń wò. Ó rí ojú mi, ó sì dá ẹ̀rín náà dúró. Ó ní Bàbá, ibi iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, ibi iṣẹ́ lẹ sì fi rọ́pò rẹ̀, gbogbo ohun tí òfin ń béèrè nìyẹn, kò béèrè pé kí òjò máa pa yín. Ó ní kò sí owó orí kankan lọ́rùn mi, ó sì fọwọ́ sí ìwé lójú mi.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìjọba tó lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbà kó tún fi tòsì gbà, ó wá rò ó pé ẹni tí a gba nǹkan rẹ̀ yẹ lẹ́ni tí à ń ṣàánú. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo ní kí n rán aṣọ kan fún ọmọ náà, ó ní iṣẹ́ òun kò gbà á láyè, kí n ṣáà dí òrùlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Kò-Ní-Í-Pẹ́ ní dídí ihò náà wọ́n ju lílu ú lọ. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, bó ti wù kó kéré tó, fi ránṣẹ́ sí wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú owó yàrá o. Awakọ̀ tó mú ìyẹn wá ló ń mú un padà bọ̀, bí o ṣe dì í náà ló wà. Ìyá rẹ ní ká yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo kọ̀ jálẹ̀. Lọ gba yàrá rẹ. Má lọ wò ó lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Dúró kí òjò máa rọ̀, kí o wọlé, kí o sì gbójú sókè.

Ọlọ́run yóò fún ọ nílé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ. Bó bá sì di dandan kí wọ́n gbà á, kó jẹ́ pé ọmọ onígíláàsì yẹn ni wọ́n á rán wá.

Èmi bàbá rẹ,
Télọ̀.